Iṣẹ́ nuclear medicine láti àárọ̀ dalẹ́: ohun tí mo sọ fún àbúrò mi ní Oke-Fia

Ọmọ àbúrò ìyá mi kan tó ń gbé Oke-Fia n'Osogbo ló bi mí pé, "Bọ̀dá mi, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ń ṣe?" Mo ní mo máa ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́, tó bá yá màá wá ya fọ́tò wọn. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ṣé nọ́ọ̀sì ni mí ni àbí fotogíráfà. Kò kúkú jìnnà sí méjèèjì, nuclear medicine ni wọ́n ń pè é. Ó ń múra JAMB, ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun náà lè ṣe é, bá a ṣe jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn nìyẹn títí iná fi lọ tó tún dé, ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo kọ síbí, mo kàn fi àwọn èyí tí mo gbàgbé kún un ni.

Kí ló yà á sọ́tọ̀ sí X-ray?

X-ray àti CT, ẹ̀rọ ló ń rán ìtànṣán gba inú ara kọjá. Tiwa, inú ara èèyàn gan-an ni ìtànṣán ti ń jáde wá, torí a ti fún un ní oògùn kékeré kan tó ní ìtànṣán nínú, kámẹ́rà kàn dúró síta tó ń gbà á ni. Tó o bá jẹ́ ọmọ Osogbo kò yẹ kó le fún ẹ láti mọ̀. Aláró ni ìyá màmá mi, mo sì mọ̀ látìgbà tí mo wà ní kékeré pé ibi tí wọ́n bá fi ẹ̀kọ ya nǹkan sí lára àdìrẹ, aró ò ní wọ ibẹ̀, ibi tí kò sí ẹ̀kọ ló máa mu aró yó. Ara èèyàn náà ò yàtọ̀. Egungun tí jẹjẹrẹ ti dé máa ń mu oògùn ju egungun tára ẹ̀ dá lọ, ibẹ̀ á dúdú kirikiri lórí fọ́tò. Ẹlòmíì sì wà tó ní gègè, tó jẹ́ pé kókó tó wà nínú gègè náà kò ní mu nǹkan kan, á wà lófìfo bí ibi tí ẹ̀kọ wà, dókítà á ní kí wọ́n yẹ ibẹ̀ wò dáadáa. Fọ́tò wa kì í mọ́ kedere bíi ti CT o, kí n má parọ́, àmọ́ ó máa ń fi iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara ń ṣe hàn, CT ò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyẹn.

Ilé-ìwé ná

Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, radiography lo máa kọ́kọ́ kà ní yunifásítì, ọdún márùn-ún, UNILAG ní in, UNN náà ní in ní kámpọ́ọ̀sì wọn l'Enugu, àwọn mìíràn náà ń ṣe é. Physics, Chemistry, Biology pẹ̀lú English lo máa fi ṣe JAMB, má sì fojú di Physics, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń sá fún un, òun gan-an sì ni oúnjẹ iṣẹ́ yìí. Tó o bá jáde, internship ọdún kan, lẹ́yìn náà Radiographers Registration Board, ìyẹn àwọn tí òfin 1987 dá sílẹ̀, á fún ẹ ní láísẹ́ńsì. Ìgbà yẹn lo tó lè máa sọ̀rọ̀ nuclear medicine. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ò pọ̀ rárá: UCH n'Ibadan ti ní kámẹ́rà gamma láti 2006, National Hospital l'Abuja náà ní. Torí náà nígbà internship, lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó o wá dúró wò, kódà kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì péré, fi ẹsẹ̀ rìn ín, má dúró de ìgbà tí wọ́n bá máa pè ẹ́. IAEA, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ átọ́míìkì, ní ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní DATOL, àwa technologist gan-an ni wọ́n ṣe é fún, lọ wò ó. Tó bá jẹ́ pé japa ló wà lọ́kàn ẹ mi ò bá ẹ jà, HCPC ni wọ́n ti ń forúkọ radiographer sílẹ̀ ní UK, àmọ́ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọwọ́ ẹ mọ iṣẹ́ nílé.

Aago ni ọ̀gá

Ibí ni kó o fọkàn sí jù. Oògùn wa kì í dúró de èèyàn. Èyí tá à ń lò jù ni technetium-99m, half-life ẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 6, ìyẹn ni pé ní gbogbo wákàtí 6, agbára ẹ̀ máa dín sí ìdajì, bóyá o lò ó o, bóyá o ò lò ó. Ọmọ tó ń ta omi tútù ní Olaiya, ṣé o ti wo yìnyín inú kúlà ẹ̀ rí? Tó bá tà, tí kò tà, yìnyín ń yọ́. Kò sí bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Jẹ́ ká ṣírò. Tó o bá ní 1,000 MBq (MBq la fi ń ka agbára ìtànṣán inú oògùn) laago 8 àárọ̀, laago 2 ọ̀sán ó ti di 500, laago 8 alẹ́ ó ti di 250. Ó dáa. Aláìsàn kan máa wá laago 11, fọ́tò egungun ló fẹ́ yà, 740 MBq ló sì yẹ kó gbà. Tó o bá fa 740 laago 8 kó o wá tọ́jú ẹ̀ dè é, o ti ṣìṣe, torí wákàtí 3 ti jẹ nínú ẹ̀, ohun tó máa kù kò pé 530. O máa pín 740 pẹ̀lú 0.707, ìyẹn ìdá tó máa ń kù lẹ́yìn wákàtí 3, bíi 1,050 lo máa fà láàárọ̀. Ṣírò yìí, kọ́ ọ títí wàá fi lè ṣe é lójú oorun, má gbẹ́kẹ̀ lé kọ̀ǹpútà nìkan, ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bá kú ni aláìsàn máa pọ̀ jù.

Fluorine-18 tí wọ́n fi ń ṣe PET, irú fọ́tò nuclear medicine mìíràn, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣẹ́jú 110 péré ni half-life tiẹ̀. Kó o tó gbé e láti Ibadan dé Old Garage níbí, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń dúró kó èrò lójú ọ̀nà, ìdajì ẹ̀ ti lọ. Iodine-131 ní sùúrù díẹ̀, ọjọ́ 8, àmọ́ sùúrù ẹ̀ yẹn náà ní wàhálà tiẹ̀, a máa débẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń pe aláìsàn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Fóònù ìṣẹ́jú méjì ni. "Ẹ káalẹ́ mà, ọ̀la laago 9 o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè kúrò nílé." Ẹni tó bá pẹ́ wákàtí méjì, oògùn ẹ̀ ti dín kí ó tó dé, ìgbà míì wàá ní láti pa dà lọ fa òmíràn, tó bá sì ti tán ńkọ́?

Àárọ̀ kùtù, inú hot lab

Hot lab ni yàrá tá a ti ń po oògùn. Kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, wọ ìbọ̀wọ́, fi báàjì TLD ẹ tó ń ka ìtànṣán sí àyà, fi òrùka tó ń ka tiẹ̀ náà sí ìka. Lẹ́yìn náà yẹ ẹ̀rọ tó ń wọn oògùn wò, fi cesium-137 tó ti wà níbẹ̀ wọ̀n ọ́n. Cesium yẹn, ọgbọ̀n ọdún ni half-life ẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀ ò yẹ kó yí pa dà láàárín àná sí òní. Ọ̀gá tó kọ́ mi kì í gbà kí ìyàtọ̀ ẹ̀ ju 5% lọ, tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ò ní gún ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi máa tún un ṣe.

Ó kan jẹnẹrétọ̀. Kì í ṣe ti iná o! Ike kan tí wọ́n fi òjé yí ká ni, molybdenum-99 wà nínú ẹ̀, òun ló ń bí technetium. Tó o bá mọ iṣẹ́ ẹlẹ́mu, o ti mọ̀ ọ́n: àárọ̀ ló máa ń gun ọ̀pẹ, á gbé ẹmu sọ̀, tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, akèrègbè ti tún kún. Àwa náà, a máa fi omi iyọ̀ fa technetium jáde láàárọ̀, ó máa gbà tó wákàtí 23 kó tó kún pa dà dáadáa. Molybdenum fúnra ẹ̀ ń dín kù, half-life tiẹ̀ jẹ́ wákàtí 66, jẹnẹrétọ̀ tó dé ní Mọ́ńdè, ní Tọ́sìdeè ó ti rẹ̀ ẹ́ sí ìdajì. Àwọn aláìsàn tó ń fẹ́ oògùn púpọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni kó o fi wọ́n sí.

Ẹmu máa ń ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àbí? Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tiwa ni molybdenum tó bá technetium jáde, kò sì gbọdọ̀ wọ ara èèyàn ju ìwọ̀n lọ. Bó o ṣe máa mọ̀ ni pé kó o gbé ìgò oògùn náà sínú ìkòkò òjé, kó o wá wọ̀n ọ́n. Òjé á dá ìtànṣán technetium dúró, àmọ́ ti molybdenum lágbára jù ú lọ, á jáde, òun lo máa kà. Kò gbọdọ̀ ju 0.15 kBq (ẹgbẹ̀rún kan kBq ló ń di MBq kan) lọ fún MBq technetium kọ̀ọ̀kan títí dìgbà tí wọ́n bá máa gún un. Kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kódà tó o bá rò pé kò sẹ́ni tó ń kà á.

Láàárín ìgbà yẹn kámẹ́rà náà gbọ́dọ̀ ti ń gbóná. Wàá gbé pátákó cobalt-57 síwájú ẹ̀, kó o wò bóyá ojú ẹ̀ dọ́gba káàkiri, tí ibì kan bá ṣókùnkùn ju ibì kan lọ má ya ẹnikẹ́ni. Kírísítálì sodium iodide ló wà lójú kámẹ́rà yẹn, kò fẹ́ kí ooru àti òtútù máa pààrọ̀ lójijì rárá. Iná lọ lọ́sàn-án oṣù kẹta, AC kú, yàrá gbóná, iná dé, ẹnì kan tó rò pé òun ń ṣoore bá gbé AC lọ sí ìwọ̀n tó tutù jù, kírísítálì lè sán, tó bá ti sán, owó gọbọi ni, ìgbà míì kámẹ́rà náà parí nìyẹn. Torí náà tí wọ́n bá pè ẹ́ síbi iṣẹ́ tuntun, má tíì bèèrè irú kámẹ́rà tí wọ́n ní, AC àti inverter ni kó o kọ́kọ́ bèèrè.

Aláìsàn ti dé

Má bi àgbàlagbà pé "Ṣé ẹ̀yin ni Màmá Risi?" torí wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, etí wọn lè má gbọ́, tàbí kí wọ́n kàn fẹ́ kí nǹkan tètè parí. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ yín fún mi pátá, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí yín." Èyí tí wọ́n bá sọ ni kó o fi wé fọ́ọ̀mù. Tí wọn ò bá mọ ọjọ́ ìbí, wo káàdì ọsibítù, bèèrè lọ́wọ́ ọmọ tó mú wọn wá.

Obìnrin tó bá ṣì ń bímọ, o gbọ́dọ̀ bi í bóyá ó lóyún, àti bóyá ó ń fọ́mọ lọ́mú. Àmọ́ lo ọgbọ́n. Má bi í níwájú ìyá ọkọ ẹ̀ àti ọmọ ìyá ọkọ mẹ́ta tó bá a wá, kò ní sọ òótọ́ fún ẹ, bóyá ọkọ gan-an ò tíì mọ̀. Pè é wọ inú, tilẹ̀kùn, bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n á bi ẹ́ bóyá iná ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn, wọ́n á bi ẹ́ bóyá irun wọn máa jábọ́. Sọ pé rárá, ìwọ̀n fọ́tò yàtọ̀ sí ìwọ̀n ìtọ́jú, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ máa bá ìtọ̀ jáde. Fún fọ́tò egungun wọ́n máa dúró bíi wákàtí 2 sí 4 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kí wọ́n mu omi dáadáa, kí wọ́n máa tọ̀. Nínú oṣù Ramadan mo máa ń bi àwọn tó ń gbààwẹ̀ pé ṣé kò ní lè dúró dẹ̀yìn Ìtúnu, tí dókítà bá gbà, torí fífi àwẹ̀ ṣe é kò dáa. PET ló yàtọ̀, ìyẹn fẹ́ kí inú ṣófo bíi wákàtí 4 sí 6, omi lásán nìkan, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ti ju 11 mmol/L lọ, ká sún un síwájú ló dáa jù. Ẹni tó bá wá fún gègè, bi í bóyá ó ṣe CT tí wọ́n fi oògùn sí lára láìpẹ́, torí iodine inú ẹ̀ á ti gba àyè oògùn wa.

Abẹ́rẹ́ àti fọ́tò

Tí ọmú òsì ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ọwọ́ ọ̀tún ni kó o gún. Fi omi iyọ̀ dán iṣan wò ná, rí i pé ó ń lọ, kó o tó ti oògùn. Tí oògùn bá jò sínú ẹran dípò iṣan, ibẹ̀ á máa tàn bí bọ́ọ̀bù lórí fọ́tò, ohun tó dé egungun á wá kéré. Wọn síríńjì ṣáájú, wọ̀n ọ́n lẹ́yìn, kọ aago sílẹ̀. Má kọ "bíi aago 10," kọ 10:07. Fọ́tò kíndìnrín ní tiẹ̀, aláìsàn gbọ́dọ̀ ti wà lábẹ́ kámẹ́rà kó o tó ti oògùn, torí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ gan-an ni dókítà fẹ́ rí.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Màmá kan wá, jẹjẹrẹ ọmú, dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti dé egungun. Mo gún wọn, wọ́n lọ jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n tọ̀, gbogbo ẹ̀ lọ dáadáa. Fọ́tò jáde, ẹ̀yìn mọ́, ìhà mọ́, kókó dúdú kan wá wà ní itan òsì. Àyà mi já. Mo ti ń ronú bí dókítà ṣe máa sọ ọ́ fún wọn. Ọ̀gá mi wá wò ó, wọ́n ò tiẹ̀ pẹ́ níbẹ̀, wọ́n ní, "Lọ ní kí wọ́n bá màmá pààrọ̀ ìró." Ìró kẹ̀? Nọ́ọ̀sì obìnrin mú wọn wọlé, wọ́n bọ́ ìró, wọ́n fi ọṣẹ àtomi fọ itan, wọ́n wọ aṣọ ọsibítù, a tún ya á. Kókó ti lọ! Ìtọ̀ ló ta sí ìró, oògùn sì wà nínú ìtọ̀. Àǹkárá aláwọ̀ ewé ni ìró yẹn, mo ṣì ń rí i lójú mi, torí díẹ̀ ló kù kí n fi nǹkan tí ọṣẹ lè fọ̀ sọ màmá di ẹni tí àìsàn ti wọ egungun ẹ̀. Àtìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni tó gun bẹ́ẹ̀dì, á lọ tọ̀ tán, á fọwọ́, á wọ aṣọ tiwa, tí nǹkan kan bá sì ṣe mí ní kàyéfì, màá tún un yà láti ẹ̀gbẹ́ kí n tó jẹ́ kí wọ́n lọ.

Ẹni tó gba iodine-131

Èyí fún ìtọ́jú gègè àti jẹjẹrẹ thyroid, ẹ̀yà ara tí gègè ti ń yọ lọ́rùn, ni, ibí gan-an ni sùúrù ọjọ́ 8 yẹn ti ń di wàhálà, torí ó ń bá wọn lọ sílé. Ìwé àlàyé tí wọ́n bá tẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè á ní kí wọ́n sun yàrá tiwọn, kí wọ́n lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tiwọn. Ilé wo? Ọ̀pọ̀ ń gbé ilé tí yàrá kọjú síra, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan fún ìdílé mẹ́fà. Bi wọ́n bí ilé wọn ṣe rí kó o tó fún wọn lóògùn, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Ẹlòmíì máa ní láti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tí ọmọ ẹ̀ ti dàgbà fún ọjọ́ mélòó kan. Kí ọkùnrin jókòó tọ̀, kí wọ́n da omi sí i lẹ́ẹ̀mejì, ṣíbí àti abọ́ lọ́tọ̀, kí wọ́n jìnnà sọ́mọdé àti aláboyún. Iye ọjọ́ tó máa jẹ́, ìwọ̀n oògùn tí wọ́n gbà ló máa sọ, dókítà ló máa kọ ọ́.

Ara tìẹ ńkọ́?

Àwọn ará àdúgbò máa ń bi mí bóyá mo ṣì lè bímọ. Mẹ́ta ni mo bí. Òfin ẹ̀ nìyí: má pẹ́ nídìí ẹ̀, jìnnà sí i, fi òjé sí àárín. Tó o bá kúrò ní mítà kan lọ sí méjì, ohun tó ń bà ẹ́ á di ìdá mẹ́rin ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, torí náà ẹni tó o ti gún, bá a sọ̀rọ̀ kó o tó gún un, tó o bá gún un tán kí i kó o sún sẹ́yìn. Lo òjé síríńjì nígbà gbogbo kódà tó bá wúwo lọ́wọ́. Épírọ́ọ̀nù òjé tí àwọn X-ray ń wọ̀ máa ń dín ìtànṣán technetium kù díẹ̀, àmọ́ fún iodine-131 àti PET, ẹrù lásán lò ń rù. Ìwọ̀n tí òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá jẹ́ 20 mSv (mSv la fi ń ka ìtànṣán tó wọ ara èèyàn) lọ́dún tá a bá pín in lórí ọdún márùn-ún, NNRA, àjọ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ ìtànṣán, ló ń mójú tó o ní Nàìjíríà. Obìnrin tó bá lóyún, kó tètè sọ, wọ́n á gbé e kúrò ní hot lab.

Tí oògùn bá dà sílẹ̀ má sáré. Pariwo kí àwọn yòókù mọ̀, bò ó pẹ̀lú pépà tó ń fa omi, nù ún láti etí wá sí àárín, má nù ún lọ sí etí, lẹ́yìn náà fi mítà, ẹ̀rọ tó máa ń ké tí ìtànṣán bá wà, wò ó.

Kó o tó lọ sílé

Síríńjì, òwú, ìbọ̀wọ́, gbogbo ẹ̀ á lọ sínú àpótí òjé, oògùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú déètì. Half-life mẹ́wàá ni wọ́n máa fi sùn níbẹ̀: wákàtí 60 fún technetium, ọjọ́ 80 fún iodine-131. Lẹ́yìn náà fi mítà wò ó, tí kò bá ké mọ́, ya àmì ìtànṣán ara ẹ̀ kúrò kó o tó dà á nù. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú ẹ. Lọ́dún 1987, ní ìlú Goiânia ní Brazil, àwọn kan tó ń wá irin àlòkù wọ ọsibítù tí wọ́n ti pa tì, wọ́n gbé ẹ̀rọ tí cesium-137 wà nínú ẹ̀ lọ, wọ́n fọ́ ọ, ó ń tàn búlúù lálẹ́, wọ́n pín in fún ara ilé àti ará àdúgbò, èèyàn mẹ́rin kú. Àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri Igbona níbí náà ò mọ ohun tí àmì ẹlẹ́wé mẹ́ta yẹn túmọ̀ sí, nǹkan kan ò sì gbọdọ̀ ti ọ̀dọ̀ ẹ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìkẹyìn, bọ́ ìbọ̀wọ́, fọwọ́, gbé mítà lé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, lẹ́yìn ọwọ́, àyà, wá gbé ẹsẹ̀ sókè kó o wo abẹ́ bàtà. Abẹ́ bàtà làwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Lọ́jọ́ kan, tèmi ké kíkankíkan, bàtà òsì, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kò lọ, mo fi í sílẹ̀ sínú àpótí títí di ọjọ́ Mọ́ńdè, silípáàsì ọsibítù ni mo wọ̀ wọkọ̀ délé ní Fúráìdeè yẹn, ìyàwó mi ní ta ló jí bàtà mi gbé.